Kókó, Àmì Dúdú àti Egbò Tó Lè Di Jẹjẹrẹ Awọ Ara: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí lemọ́lemọ́ ni mo kó jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú. Èyí tó díjú wà nísàlẹ̀.

Ṣé gbogbo kókó tó bá hù sára ló lè di jẹjẹrẹ?

Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó ń hù sí wa lára kò ní jẹjẹrẹ nínú, kò sì ní í dà á. Kókó tó rọ̀, tó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ bí ẹ bá fi ìka tì í, ọ̀rá lásán ló sábà máa ń jẹ́. Ẹran wẹ́wẹ́ tó ń rọ̀ dirodiro lọ́rùn àti ní abíyá, kò sí ewu níbẹ̀. Bákan náà ni àwọn kókó dúdú tíntìntín tó ń yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláwọ̀ dúdú bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè.

Ti àgbàlagbà ló máa ń dẹ́rù ba ọmọ jù: èèpá dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, bíi pé ẹnì kan kán àbẹ́là síbẹ̀. Ó burú lójú, ó lè yún, ṣùgbọ́n kì í di jẹjẹrẹ. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ ká ṣọ́: kí wọ́n yọ lójijì, kí wọ́n sì pọ̀ yanturu láàárín oṣù díẹ̀. Ìyẹn yẹ kí dókítà gbọ́ sí.

Kí ló wá ya èyí tó lè yí padà sọ́tọ̀?

Awọ ara kì í sinmi. Sẹ́ẹ̀lì tuntun ń ti ìsàlẹ̀ wá, ti àtijọ́ ń ré dànù lókè. Nínú kókó lásán, sẹ́ẹ̀lì pọ̀ jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ààyè wọn. Nínú èyí tó lè di jẹjẹrẹ, ìrísí àti ìwà àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti bàjẹ́, àmọ́ wọn ò tíì ré kọjá ògiri tín-ín-rín tó pààlà láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ògiri yẹn ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wà. Ọjọ́ tí wọ́n bá já a kọjá ni jẹjẹrẹ wọlé, tó sì lè rìn lọ síbòmíràn.

Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Àwọn mìíràn kì í débẹ̀ rárá.

Ibì kan níwájú orí mi ń ha lọ́wọ́, ó ń bó, ó tún ń padà. Kí ni?

Ẹ fi ìka yín ra iwájú orí, etí tàbí ẹ̀yìn ọwọ́ ẹni tó ti lo ogún ọdún nínú oòrùn, pàápàá ẹni tí awọ rẹ̀ funfun tàbí tó pupa. Ojú lè má rí nǹkan kan. Ìka ló máa kọ́kọ́ kan án: ibì kékeré kan tó ń ha bíi pépà tí káfíńtà fi ń dán igi. Ẹ họ ọ́, èèpá ṣí kúrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó tún ti wà níbẹ̀. Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é ni actinic keratosis; èèpá oòrùn ni èmi á máa pè é níbí. Oòrùn tó ti ń kó jọ sínú awọ láti ọdún pípẹ́ ló fà á.

Tí a bá mú ẹyọ kan ṣoṣo, ewu pé kó di jẹjẹrẹ láàárín ọdún kan kéré gan-an. Òmíràn tiẹ̀ máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹyọ kan kì í sábà ní ẹyọ kan. Mẹ́wàá tàbí ogún ló máa ń ní, ọdún sì ń yí lu ọdún. Èyí tó bá nípọn sí i, tó ń dunni bí a bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára.

Tó bá jẹ́ ètè ìsàlẹ̀ ló ń bó, tó ń là, tí kò jinná, ẹ má ṣe máa fi ìpara ètè tàn án. Jẹjẹrẹ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ètè máa ń rìn lọ síbòmíràn ju ti iwájú orí lọ.

Làpálàpá mi ti lé ní ọdún kan, kò gbóògùn. Ṣé ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn?

Ó lè jẹ́. Àrùn kan wà tí ìrísí rẹ̀ jọ làpálàpá: ojú ibì kan tó pupa, tó ní èèpá, tó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè dúdú tàbí kó ní àwọ̀ ilẹ̀ dípò kó pupa. Dókítà kan, John Bowen, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ òkè ni wọ́n ṣì wà. Díẹ̀ ló ń wọ ìsàlẹ̀.

Èrò tèmi ni pé làpálàpá ẹyọ kan tí oògùn tó yẹ kò ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ìpara mìíràn ló kàn. Kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ wò ló kàn.

Ohun líle kan hù sí mi lára bí ìwo. Mo gé e, ó tún hù.

Ohun tí wọ́n fi ṣe èékánná náà ni wọ́n fi ṣe ìwo yẹn. Kò sí ewu nínú ìwo fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́nwọ́n lásán lè wà níbẹ̀, èèpá oòrùn lè wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ sì máa ń wà níbẹ̀ ní nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún. Ẹni tó gé orí ìwo sọ nù ti fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti sọ ohun tí dókítà ìbá rí nù.

Àmì dúdú tí mo ní láti kékeré ńkọ́? Ṣé kí n lọ gé gbogbo wọn kúrò?

Ẹ má wulẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ tí a ń bẹ̀rù jù nípa àmì dúdú ni mẹlanómà, èyí tó ń ti inú sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ ní àwọ̀ wá. Nínú mẹ́wàá rẹ̀, nǹkan bíi méje ló ń yọ lórí awọ tí kò ní àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gé gbogbo àmì ara rẹ̀ kúrò kàn fi àpá rọ́pò wọn ni; ilẹ̀kùn tó tóbi jù ṣì ṣí sílẹ̀.

Àwọn tó yẹ kí dókítà máa ṣọ́ wà, ṣá: ẹni tí àmì ara rẹ̀ ju àádọ́ta lọ, ẹni tí àmì rẹ̀ rí wúruwùru tó sì ní àwọ̀ oríṣiríṣi, ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní mẹlanómà rí, àti ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àmì ràgàjì, irú èyí tí yóò ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ tó bá dàgbà. Ti ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tó bá gbọ́n. Láti kékeré ni kí dókítà ti mọ̀ ọ́n.

Wọ́n bí ọmọ mi pẹ̀lú ibì kan ní orí tí irun kì í hù. Ó rí pupa rúsúrúsú.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní nevus sebaceus. Tí ọmọ bá ti ń bàlágà, ó máa ń nípọn, ó sì máa ń rí págunpàgun. Àwọn kókó mìíràn lè hù lórí rẹ̀ nígbà àgbà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò burú. Ti jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n. Nígbà kan rí, gígé ni wọ́n máa ń gé gbogbo rẹ̀ kúrò lórí ọmọdé. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ dókítà ń ṣọ́ ọ ni, wọ́n á gé e tó bá yí padà tàbí tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá fẹ́.

Kí ni mo máa wò tí mo bá fẹ́ mọ̀ pé àmì kan ń yí padà?

Ní 1985, àwọn dókítà kan ní New York gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò títí dòní. Ẹ fojú inú pín àmì náà sí méjì: ṣé ẹ̀gbẹ́ kan bá èkejì mu? Ṣé etí rẹ̀ gún régé, àbí ó rí gánnagàna bí etí aṣọ tí eku jẹ? Ṣé àwọ̀ kan ló ní, tàbí dúdú, pupa, funfun àti àwọ̀ ilẹ̀ para pọ̀ níbẹ̀? Ṣé ó fẹ̀ ju 6 mìlímítà lọ, ìyẹn ìdí pẹ́ńsù? Ní 2004, wọ́n fi ìkarùn-ún kún un: ṣé ó ń yí padà?

Tí ẹ kò bá lè rántí márààrún, ẹ di ìkarùn-ún mú. Àmì tó rí burúkú láti ọgbọ̀n ọdún tí kò yí padà kò dẹ́rù bà mí tó àmì kékeré tó ti yàtọ̀ sí bó ṣe rí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà: àmì ara ẹnì kan máa ń jọra bí ọmọ ìyá. Ẹ wá èyí tó dà bí àlejò láàárín wọn.

Awọ mi dúdú. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ máa wò yàtọ̀. Àwọ̀ dúdú ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn dáadáa, nítorí náà èèpá oòrùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣọ̀wọ́n lára yín. Mẹlanómà aláwọ̀ dúdú kì í sábà yọ síbi tí oòrùn ń pa. Àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló máa ń yọ sí, oòrùn kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀, ó sábà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí i.

Ní 1977, wọ́n rí mẹlanómà lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ Bob Marley, èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ kà sí ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Oṣù Karùn-ún 1981 ló kú, lẹ́ni ọdún 36.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ẹ bá wẹ̀ tán, ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún kejì. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ìka, kí ẹ ya ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ wo àárín rẹ̀. Ẹni tí kò lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó fi dígí sílẹ̀ kó na ẹsẹ̀ sókè rẹ̀, tàbí kó bẹ ará ilé.

Ìlà dúdú wà nínú èékánná mi. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Tó bá wà nínú èékánná púpọ̀, tó tín-ín-rín, tó sì ti pẹ́, bí èékánná aláwọ̀ dúdú ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Èyí tó yẹ kó gbé yín dìde ni ìlà kan ṣoṣo nínú èékánná kan ṣoṣo, pàápàá ti àtàǹpàkò ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, tó yọ lágbà, tó ju 3 mìlímítà lọ tàbí tó ń fẹ̀ sí i. Tí dúdú náà bá ti ṣàn jáde sórí awọ tó yí èékánná ká, tàbí tí èékánná ń là gba ibẹ̀, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ̀jẹ̀ tó dì nítorí pé ìlẹ̀kùn gbá a tàbí bàtà há a lè jọ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, kí ẹ tún yà á lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ̀jẹ̀ máa ń bá èékánná dàgbà jáde, ojú tó mọ́ á sì yọ ní ìdí. Ìlà tó bá ṣì fara ti ìdí èékánná pinpin lẹ́yìn oṣù méjì kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọgbẹ́.

Ọmọ mi jẹ́ àfín. Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ra?

Láti ọjọ́ ìkómọ. Ohun tí ẹlòmíràn fi ogójì ọdún kó jọ lára, àfín tí a kò dáàbò bò lè kó o jọ kó tó pé ogún ọdún. Jẹjẹrẹ awọ ara sì lè mú un ní ọ̀dọ́, lójú, létí, lọ́rùn àti lẹ́yìn ọwọ́. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tó nípọn, fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò yí orí po, ìjókòó nínú ibòji ní ọ̀sán, ìpara oòrùn sí ojú àti ọwọ́: gbogbo rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀. Fìlà tí kò bo etí àti ọrùn kò ṣiṣẹ́ tó.

Kí dókítà máa wo gbogbo ara rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ó pẹ́ tán. Egbò kékeré tó bá lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ láìjinná lára àfín, ẹ má pè é ní egbò lásán.

Mo ń bóra. Ǹjẹ́ ó lè fa èyí?

Ààbò tí a ní sí oòrùn gan-an ni ìpara ìbóra ń bó kúrò, àwọn tó ní steroid nínú sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀.

Àpá iná tí mo ní láti kékeré ti ya, kò fẹ́ jinná mọ́.

Èyí ni mo rò pé a kì í sọ tó. Àpá iná, egbò ẹsẹ̀ tó ti di bárakú, ojú ibi tí ọyún ti ń jáde láti inú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún: wọ́n lè di jẹjẹrẹ. Oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Jean-Nicolas Marjolin, kọ̀wé nípa irú egbò bẹ́ẹ̀ ní 1828, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é dòní. Ó sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi wá sọ́kàn aláìsàn.

Ẹ wo etí egbò náà. Etí egbò tó ń jinná máa ń rọ̀, ó ń rọra sún wọlé. Èyí tó ń bàjẹ́ máa ń le, ó ń wú sókè bí ìgbátí, ẹran tó ń rú jáde nínú rẹ̀ sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí báńdéèjì bá ti kàn án. Òórùn tó yí padà àti ìrora tuntun wà lára àmì rẹ̀. Wíwẹ egbò lójoojúmọ́ kò tó níbí. Kí wọ́n gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò, láti ibi tó ju ẹyọ kan lọ.

Ṣé wọ́nwọ́n lè di jẹjẹrẹ?

Èyí tó wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ti ojú ara yàtọ̀ díẹ̀. Ìdílé kòkòrò HPV ló ń fa gbogbo wọn: irú 6 àti 11 ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọ́nwọ́n ojú ara, wọn kì í sì í sábà di jẹjẹrẹ, irú 16 àti 18 ló léwu. Ojú lásán kò lè mọ irú tó wà níbẹ̀, ẹnì kan sì lè ní ju irú kan lọ.

Ṣé mo lè fi okùn so kókó ara mi, tàbí kí n lo oògùn tó ń jẹ ẹran ara kúrò?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Oògùn tó ń jẹ ẹran kò mọ ẹran tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa. Ó lè jẹ òkè lọ kí àpá bo ibẹ̀, kí jẹjẹrẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ àpá níbi tí ojú kò tó o mọ́.

Wọ́n ní tí abẹ bá kan jẹjẹrẹ, á fọ́n ká gbogbo ara. Òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá: àwọn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tó ti tàn ni wọ́n gé fún, wọ́n sì kú lẹ́yìn náà, ni abẹ bá gba ẹ̀bi. Gígé díẹ̀ fún àyẹ̀wò kì í fọ́n jẹjẹrẹ awọ ara ká. Àìgé e ni kì í jẹ́ ká mọ ohun tó jẹ́.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún mi nílé ìwòsàn?

Wọ́n á fi awò kékeré kan tó ní iná wò ó. Tó bá kọ wọ́n lóminú, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú, wọ́n á gé díẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Tí wọ́n bá gé nǹkan kan lára yín tí wọn kò fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ẹ béèrè ìdí.

Èèpá oòrùn ni wọ́n sábà máa ń fi nitrogen olómi jó. Ó tutù débi pé ó ń ta bí iná. Ó máa ń lé ròrò bí ojú iná lọ́jọ́ kejì, á gbẹ, á sì bọ́. Ó lè fi ojú funfun sílẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú, kí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìpara fluorouracil wà pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi sára fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ á pupa, á bó, á burú lójú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé oògùn ò bá àwọn lára mu, wọ́n á dá a dúró. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dá a dúró.

Ṣé ìpara oòrùn ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ó ṣiṣẹ́. Ní Nambour, ìlú kan ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí ní kí àwọn kan máa fi í para lójoojúmọ́ láti 1992 sí 1996, kí àwọn yòókù ṣe bó ṣe wù wọ́n. Irú jẹjẹrẹ tó ń ti ara èèpá oòrùn wá dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá láàárín àwọn tó ń fi í para lójoojúmọ́. SPF 30 sókè (nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìpara, tó ń sọ bó ṣe ń dáàbò bò wá tó) ni kí ẹ wá, kí ẹ sì tún un fi ní wákàtí méjì-méjì tí ẹ bá wà níta. Kò kan ti àtẹ́lẹsẹ̀.

Kókó kan wú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tún ti ń kéré lọ fúnra rẹ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Irú kókó kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó rí róbótó, ó ní ihò tí nǹkan líle dí láàárín, ó ń yára dàgbà, ó sì lè lọ láìlo oògùn. Keratoacanthoma ni wọ́n ń pè é. Wàhálà ibẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ gidi lè jọ ọ́ bí ìbejì, kódà lábẹ́ awò àyẹ̀wò. Nítorí náà ni dókítà ṣe máa ń gé e dípò kó dúró wò.

Kókó mi kò dúdú rárá, ó pupa. Mẹlanómà kọ́ nìyẹn, àbí?

Ó lè jẹ́ òun. Àwọn mẹlanómà kan kì í ní àwọ̀ dúdú. Wọ́n máa ń dà bí eéwo tí kò tú tàbí ẹran tó ń rú lójú ọgbẹ́. Kókó tó le, tó ga sókè, tó sì ń dàgbà fún oṣù kan gbáko, ẹ má béèrè àwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Mo lóyún, àmì ara mi sì ń tóbi. Ṣé oyún ló fà á?

Àwọn tó wà níkùn àti ọmú máa ń fẹ̀ nítorí pé awọ ń fẹ̀. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó ń yí àwọ̀ padà, ẹ má dì í ru oyún. Wọ́n lè gún abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú, kí wọ́n sì gé e nígbà tí ẹ ṣì lóyún, kò ní láti dúró dìgbà ìbímọ.

Wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún mi. Kí ló dé tí wọ́n ní kí n máa wo awọ mi?

Oògùn tó ń jẹ́ kí ara gba kíndìnrín tuntun ń mú kí àwọn ọmọ ogun ara dẹwọ́, àwọn náà ló ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá yíwọ́. Èèpá oòrùn tó lè pẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn máa ń yára lọ́dọ̀ yín. Ẹ má dá oògùn náà dúró o. Dókítà awọ ara ni kí ẹ fi kún dókítà yín.

Wọ́n gé àmì kan kúrò, èsì ní kò sí jẹjẹrẹ. Ó tún ti yọ lójú àpá.

Tí dúdú náà bá wà láàárín àpá nìkan, ó lè jẹ́ ìyókù sẹ́ẹ̀lì tó kù níbẹ̀ ló ń hù padà. Tó bá ti ré kọjá etí àpá bọ́ sórí awọ tó dáa, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Nígbà méjèèjì, ẹ mú èsì ti àkọ́kọ́ dání lọ, kí ẹni tó máa wo èkejì mọ ohun tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀; láìsí i, ohun tó ń hù padà lè jọ mẹlanómà lójú rẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá etí ohun tí wọ́n gé nígbà yẹn mọ́, àti bóyá díẹ̀ ni wọ́n gé tàbí gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n gé nìkan ni èsì lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Dókítà ní kò sí nǹkan, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ tún un yà láti ibì kan náà lóṣù kan sí i. Tó bá ti yàtọ̀, ẹ gbé fọ́tò méjèèjì padà lọ, tàbí ẹ lọ bá dókítà mìíràn. Tí ó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yára dàgbà, ẹ má dúró de fọ́tò kejì.